Orúkọ Àwọn Ológun Bọ́mà Nínú Ìrántí Àwọn Akọni Nàìjíríà

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún ni Nàìjíríà ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó bógun lọ. Wọ́n á fun fèrè, wọ́n á gbé òdòdó síwájú ibojì sójà aláìlórúkọ, wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Nígbà kan rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá là ń ṣe é, nítorí ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí lọ́dún 1918. A gbé e sí oṣù Kìíní nítorí ọjọ́ 15 oṣù náà lọ́dún 1970 ni Philip Effiong, tó ṣojú Bìáfírà, túúbá fún Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ní Dodan Barracks l'Ékòó, tí ogun abẹ́lé fi parí. Ìpinnu tó dáa ni, torí ìrántí náà di tiwa. Àmọ́ orúkọ àwọn òkú ọ̀hún kò tíì jẹ yọ níbẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Láyé àwọn baba wa, bí jagunjagun bá kú sọ́nà jíjìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a fá irun orí rẹ̀, wọn a gé èékánná rẹ̀, wọn a gbé e wálé kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Oríkì a wá máa gbé orúkọ rẹ̀ kiri láti ìran dé ìran. Lónìí, a ṣì ń dárúkọ Ògèdèǹgbé Iléṣà, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, àti Látòósà tó kú sí ibùdó ogun Kírìjí lọ́dún 1885. Lóòótọ́, àwọn olórí ogun ni oríkì ń rántí jù. Ṣùgbọ́n agboolé kọ̀ọ̀kan mọ òkú tirẹ̀.

Ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló já okùn yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Guggisberg, gómìnà Gold Coast, sọ lọ́dún 1923 pé ọmọ ìbílẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta orí sàréè. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀pọ̀ sójà aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn aláàárù tó ru ẹrù ogun ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń bójú tó sàréè àwọn ológun Kọmọ́ńwẹ́ẹ̀tì jẹ́wọ́ pé àwọn òkú ogun náà tí a kò fi orúkọ rántí, tàbí tí a kò rántí rárá, kéré tán, jẹ́ 116,000, ó sì lè tó 350,000. Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ben Wallace, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Bìrìtìkó nígbà náà, tọrọ àforíjì nílé aṣòfin.

Nínú ogun Hitler, nǹkan bí 90,000 ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Éṣíà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan nínú wọn. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún 1942 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáàn ká wọn mọ́ etí odò Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn ba Fadoyebo lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú lójú rẹ̀. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, ló ṣẹ́ kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bí àwọn ará Jàpáàn bá mọ̀, wọn ì bá pa á. Nígbà tó yá, àwọn sójà Gáḿbíà rí wọn. Fadoyebo fi ẹsẹ̀ tó ń tiro wọlé. Ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò náà jáde lọ́dún 1999, ó sì kú lọ́dún 2012. A mọ ìtàn rẹ̀ báyìí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ mú kálámù.

Bárékè wa kún fún orúkọ ogun náà: Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, Myoung ní Yábàá, Arakan l'Ápápá, àní Dodan fúnra rẹ̀. Orúkọ ibi ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Ọ̀gágun ńlá rí tirẹ̀ gbà: bárékè Odògbó n'Íbàdàn ń jẹ́ orúkọ Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ní oṣù Keje 1966. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ sójà kékeré tó kú sí Letmauk kò ní àdúgbò kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ní ìtẹ́ òkú Taukkyan lẹ́bàá Rangoon ní Bọ́mà, orúkọ tó súnmọ́ 27,000 ni wọ́n gbẹ́ sára òpó ìrántí, orúkọ àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Ìwé orúkọ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì wa ṣa orúkọ Yorùbá inú rẹ̀, kí wọ́n wá ìlú tí kálukú ti wá, kí àwọn ọba àti káńsù sì kọ wọ́n sára gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín lọ sí Bọ́mà, ẹ kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti nọ́ńbà ológun wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé tó súnmọ́ yín.