Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: ìtàn Take That nínú fíìmù méjì

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìwé àtijọ́, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan ni ẹ̀rí tí onímọ̀ ìtàn lè gbé yẹ̀ wò. Tí mo bá wá sọ pé DVD ẹgbẹ́ olórin àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jẹ́ ẹ̀rí, àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Kò burú. Fíìmù méjì nípa Take That ni mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí: Take That: For the Record ti ọdún 2005, àti Look Back, Don't Stare ti ọdún 2010. Méjèèjì ló kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ITV kó tó di DVD tí èèyàn lè rà lọ sílé. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí bá jókòó síwájú kámẹ́rà, ṣé ìtàn tó ti kọjá ni wọ́n ń sọ, àbí wọ́n tún ń dá ìtàn mìíràn sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ìlú Manchester, ní ọdún 1990, Nigel Martin-Smith kó ọmọkùnrin márùn-ún jọ. Ó ti rí bí New Kids on the Block ṣe ń pa owó ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú tiwọn. Gary Barlow ló ń kọ orin. Ó ti ń ṣeré ní àwọn kíláàbù kó tó débẹ̀. Oníjó ni Howard Donald àti Jason Orange. Mark Owen ti ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Robbie Williams ló kéré jù, ọmọ ọdún 16 ni.

Láàárín ọdún 1992 sí 1995, òkìkí wọn kàn débi pé ọmọbìnrin kò lè gbọ́ orúkọ wọn kó má pariwo. Orin wọn, Back for Good, gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1995, ó sì wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Fídíò wọn náà wà lọ́jà lórí káṣẹ́ẹ̀tì VHS. Kí ló wà nínú ẹ̀? Ijó, ẹ̀rín, àti ariwo èrò. Ẹ lè wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní rí ẹnì kankan tó ń sọ pé ó rẹ òun, tàbí pé òun ń bínú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọjà ni wọ́n ń tà, ojú tó ń rẹ́rìn-ín sì ni ọjà náà.

Ní oṣù July ọdún 1995, Robbie kúrò. Ní ọjọ́ 13 oṣù February ọdún 1996, àwọn mẹ́rin tó kù kéde pé ó parí. Ọjọ́ náà gan-an ni Robbie pé ọmọ ọdún 22. Ìbànújẹ́ àwọn ọmọbìnrin pọ̀ débi pé wọ́n ya ìlà tẹlifóònù sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí fíìmù àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Gbogbo èèyàn rò pé Gary ni yóò gòkè. Robbie ló gòkè. Ní oṣù August ọdún 2003, ó kọrin fún òru mẹ́ta ní Knebworth níwájú èrò 375,000. Gary ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde fi í sílẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ohùn Robbie nìkan ni aráyé ń gbọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì fi Gary lára sílẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé àgbà òṣìkà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Odidi orílẹ̀-èdè ló gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá níbí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù November ọdún 2005, For the Record jáde, ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn tó wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo márààrún ló rojọ́, àmọ́ Robbie sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó dùn mí jù ni ibi tí àwọn mẹ́rin ti péjọ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Kò wá. Ọ̀rọ̀ inú fídíò ló fi ránṣẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n jọ dàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n bí gbogbo wa ṣe ń wò ó. Ẹni tó bá ń kọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fojú di irú àga òfìfo bẹ́ẹ̀. Àìwá rẹ̀ sọ ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn, àwọn mẹ́rin náà kéde pé àwọn ń padà bọ̀ wá kọrin. Ṣé ẹ rí i? Fíìmù tí wọ́n ní ó wà láti sọ ìtàn ohun tó ti kú ló jí òkú náà dìde. Kí a má sì gbàgbé ti ọjà: ọjọ́ méjì ṣáájú fíìmù yẹn ni àkójọ orin wọn àtijọ́, Never Forget, ti dé ọjà. Ẹlẹ́rìí ni fíìmù náà. Ó tún jẹ́ ìlù tí wọ́n ń lù fún ọjà. A ò lè mú ọ̀kan ká fi èkejì sílẹ̀.

Ní ọdún 2006, Patience gba ipò kìíní. Nígbà tó di oṣù July ọdún 2010, wọ́n kéde pé Robbie ti padà. Look Back, Don't Stare tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo Progress, dúdú àti funfun ni wọ́n fi yà á. Nínú èyí, kò sí àga òfìfo mọ́. Robbie àti Gary jókòó sí yàrá kan náà. Progress tà ju 500,000 lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn márààrún sì kún pápá Wembley fún òru mẹ́jọ ní ọdún 2011.

Èwo nínú fíìmù méjèèjì ni mo gbà gbọ́ jù? Ti 2005 ni. Nígbà yẹn, wọn ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, nítorí náà ọgbẹ́ náà ṣì tutù lẹ́nu wọn. Ní 2010, wọ́n ti parí ìjà kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, àwo sì wà láti tà. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́ o. Ìlàjà náà jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹni tó ti làjà kì í ro ẹjọ́ bí ẹni tí inú ṣì ń bí.

Àǹfààní DVD nìyí. Ohun tó kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ kan, èrò rẹ̀ nìkan ló kù. Èyí tó wà nílé, obìnrin tó sunkún ní 1996 lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́, kó wo ẹ̀rín ìgbà yẹn, kó wá gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè mọ ojú wọn jù ú lọ.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, òwe wa nìyẹn. Láti 1990 sí 2010, ogún ọdún géérégé ni. Márùn-ún péré ni wọ́n, wọ́n sì tún pé. Àmọ́ lẹ́yìn eré 2011, Robbie tún bá tirẹ̀ lọ. Ní 2014 Jason náà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òwe kò purọ́. Fíìmù náà ló jẹ́ ká mọ ohun tí òwe kò sọ fún wa: ohun tó ń já láàárín àwọn ọmọdé kí eré tó tú, àti iye ọdún tó ń gbà kí wọ́n tó lè jókòó sọ ọ́ lójú ara wọn.