Ẹni Tó Bá Aláìsàn Ṣọ́ Òru

Orúkọ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia máa ń dá olùtumọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ní 1908 ni Dókítà Eugen Bleuler, ará Swítsálándì, fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì sọ àìsàn náà lórúkọ: ọ̀kan ń sọ nípa pípín, èkejì nípa ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa a yára pè é ní wèrè. Ṣùgbọ́n èébú ni wèrè. Bó bá ti jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ìyá lè fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Àwọn ará Jàpáánì pàápàá pa orúkọ "ọkàn tó pín" tì ní 2002, wọ́n mú èyí tó ń sọ pé ìṣọ̀kan èrò ló dàrú. Èmi fara mọ́ "àìsàn ìdàrú èrò".

Ní ti oorun, a ò nílò àtiṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rárá. Oorun sì ṣe kókó: òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ dàrú bí àìsàn yìí bá fẹ́ dé tàbí tó fẹ́ padà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábúlé. "Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí kò ti fojú kan oorun." "Ó ń sùn, ó ń jí." "Ó ti sọ òru dọ̀sán." "Látìgbà tó ti ń lo oògùn, ṣe ló ń tòògbé ṣáá." Ìṣòro mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìwé ìbéèrè wa fún ẹbí aláìsàn sì kó gbogbo wọn sábẹ́ "àìróorunsùn". Ẹni tí oògùn ń kùn lóorun, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n oògùn tàbí àkókò lílò rẹ̀ ni dókítà máa yí padà. Ẹni tí ìbẹ̀rù ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́ kò jẹ́ kó sùn, àìsàn gan-an la máa kọjú sí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ìwé ìbéèrè náà sọ̀rọ̀ bí ènìyàn: "Màmá, ṣé ó ń sùn lálẹ́? Bó bá sùn, ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jí? Ohùn tó ń gbọ́ yẹn, ṣé lójú oorun ni, àbí ojú rẹ̀ dá?" Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn wúlò púpọ̀, torí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè gbọ́ ohùn bí oorun bá ti fẹ́ gbé e lọ.

Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sáàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ká, l'Ábẹ́òkúta, pẹ̀lú ìbátan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Irú ìbátan bẹ́ẹ̀ ló mọ ìgbà tí ẹní ṣófo lóru. Kí á tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bi í.