Ọta ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń dánra wò: ohun tó yẹ kí ọdẹ àti ará ilé mọ̀

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ìwé kan lójú ọ̀nà ní agbègbè Emùré, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta ò kúrò lẹ́nu àwa ará ibí mọ́. Àwọn ọmọ náà padà wálé ní oṣù kejì ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí. Ọdẹ ń fẹ́ mọ ìbọn yìn dáadáa, àgbẹ̀ ń fẹ́ ohun tí yóò fi ṣọ́ oko. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà sì ń sọ fún ará ilé pé ọta kan wà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, pé kò wọ́n, pé òun làwọn fi ń dánra wò. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó wúlò fún wa níbí? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló wà nínú ọta kan?

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta òde òní. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun, ìyẹn agolo kékeré tó gbé gbogbo rẹ̀ dání. Èkejì ni ìdáná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí ìbọn máa ń gbá kí iná tó ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù. Ẹ̀kẹrin ni òjé tó ń fò jáde, tí wọ́n sábà máa ń fi bàbà bò.

Tí èèyàn bá fa ìbọn, ìdáná yóò ṣẹ́ná, ẹ̀tù yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sì ti òjé jáde. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ìkarahun máa ń wú díẹ̀ kó lè dí ihò ìbọn pa, kí iná má baà ta sẹ́yìn sójú ẹni tó ń yìn ín. Lẹ́yìn náà ló tún máa ń sún kì padà kí ó lè jáde. Iṣẹ́ ìkarahun nìyẹn, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, torí pé idẹ máa ń wú, ó sì máa ń sún kì padà dáadáa. Idẹ wọ́n, torí bàbà àti síǹkì ni wọ́n pò pọ̀ di idẹ. Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ kan fi ń lo irin, tí àwọn mìíràn sì ń lo alumíníọ̀mù, ohun fúyẹ́ kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìdáná wa. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ jù ni Blazer, tí iléeṣẹ́ CCI ń ṣe ní ìlú Lewiston, ní ìpínlẹ̀ Idaho, Amẹ́ríkà.

Kí ló mú kó rọjú?

Ohun méjì ni. Alumíníọ̀mù ò wọ́n tó idẹ, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó. Ìkarahun idẹ, àwọn tó mọṣẹ́ tí òfin sì gbà láyè ní ìlú tiwọn lè tún un lò. Ti alumíníọ̀mù kò lágbára bẹ́ẹ̀. Tó bá ti wú lẹ́ẹ̀kan, ó lè sán nígbà kejì. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é gan-an ló ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì í mú o. Ìkarahun ló rọjú, ikú tó wà nínú rẹ̀ kò dín kù. Òjé tó ń jáde nínú ọta alumíníọ̀mù lè pa èèyàn bí èyí tó ń jáde nínú ti idẹ. Kò sí ọta ìdánrawò tó jẹ́ ohun ìṣeré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí òfin gbà láyè lè ra ọta yìí lọ sí pápá ìyìnbọn. Kó tó rà á, kó ka ìwé tó bá ìbọn rẹ̀ wá, torí pé àwọn kan tó ń ṣe ìbọn kì í fẹ́ irú ìkarahun kan. Kó tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni pápá, torí pé àwọn pápá kan kì í gbà á wọlé. Ìkarahun idẹ ni wọ́n máa ń ṣà tà, wọn ò fẹ́ kí ohun mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bíi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní green card yàtọ̀ sí èyí. Kí ọ̀rẹ́ kan má sọ pé "jẹ́ ká lọ ṣeré" kó fi ti ìwé ìgbélùú rẹ bà jẹ́.

Ní Britain ńkọ́? Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn ọmọ kéékèèké àti olùkọ́ wọn ní Dunblane, ní Scotland, lọ́dún 1996, òfin ọdún 1997 gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú, àyàfi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ yẹ báàgì tẹ́ ẹ gbé lọ sí pápá wò dáadáa, ẹ wo gbogbo àpò rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì lè sọ ìrìn àjò ìsinmi di ẹjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú.

Nílé ńkọ́? Kí ni òfin sọ?

Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ni a ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí.

Ìkínní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀: ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn láṣẹ fún irú èyí. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìsí àṣẹ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán.

Èkejì ni ìbọn ìṣọdẹ bíi dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì, tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Àwọn náà ò kọjá òfin, wọ́n ní láti ní àṣẹ tiwọn.

Ọta ń tẹ̀lé ìbọn rẹ̀ ni. Ọta ìbọn ìléwọ́, ìbáà jẹ́ alumíníọ̀mù, ìbáà jẹ́ idẹ, èèwọ̀ ni lọ́wọ́ aráàlú tí kò ní àṣẹ. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa rèé: ọta alumíníọ̀mù yẹn kì í ṣe fún ọdẹ Ìsẹ̀ tàbí àgbẹ̀ Emùré. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ọmọ òun fi ránṣẹ́ o.

Òfin náà tún sọ ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ fún ní ìwé àṣẹ: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ọta tí ọdẹ wa ń lò

Kátíríìjì ni ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ ń lò. Ike tàbí páálí ni ara rẹ̀, irin tàbí idẹ ni ìdí rẹ̀, òjé wẹ́wẹ́ ló sì wà nínú. Nọ́ńbà 12 tó wà lára ìbọn túmọ̀ sí pé òjé roboto méjìlá tó bá ihò ìbọn náà mu ló máa wọn páùn kan. Nọ́ńbà ti òjé wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni òjé ń kéré sí i.

Ẹ ra kátíríìjì lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà á. Èyí tí wọ́n ń gbé nínú àpò ìrẹsì gba ẹnubodè wọlé, ẹ sá fún un. Lóṣù kìíní ọdún 2017, Kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìbọn pump-action 661 ní Èkó, irú tí ìjọba ò gbà kí wọ́n kó wọlé. Ẹni tó bá ra ẹrù fàyàwọ́ ń bá wọn pín nínú ẹjọ́ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kátíríìjì tí wọ́n ti yìn, tí ẹnì kan tún kún lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀tù ibẹ̀ lè pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ lè ti lanu. Ìbọn á bẹ́ sọ́dẹ lọ́wọ́, ojú àti ìka ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Òfin náà ò gbà kí èèyàn máa rọ ọta nílé. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á.

Báwo ni a ṣe lè dánra wò láìnáwó púpọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìbọn ò nílò ọta rárá. Pẹ̀lú àgbà ọdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ọta, ẹ yẹ ẹnu ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kó ọta sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ máa kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn lé èjìká, bí a ṣe ń dúró, bí ìka ṣe ń jìnnà sí ohun ìfà títí ojú yóò fi rí ohun tí à ń wò kedere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀gá yín bá DPO sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó yìn níbikíbi. Igbó Ìsẹ̀ tí ìjọba dá sí kì í ṣe pápá ìdánrawò o. Díẹ̀ nínú àwọn ṣinpańsíì tó kù lórílẹ̀-èdè yìí wà nínú rẹ̀, òfin sì ń dáàbò bò wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun tàbí gbé ọmọ. Májèlé ni òjé. A rántí Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú erùpẹ̀ wúrà ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá rí ọta nílẹ̀, kó má fi òkúta lù ú, kó má jù ú sínú iná, kó má mú un lọ sí iléèwé. Kó pe àgbà. Kí àgbà sì pe ọlọ́pàá tàbí 112. Ọta tí kò tíì dún, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dún.