Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ìtàn Èéfín Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Láti Èbúté Dé Èjìgbò

Ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ìlú tí ìrìnàjò ti mọ́ lára. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé títí di òní, ẹni tó bá dé ọjà ìlú náà yóò gbọ́ èdè Faransé, yóò sì rí i pé àwọn èèyàn ń ná owó sẹ́fà. Ọkọ̀ ló so ìlú náà pọ̀ mọ́ Abidjan. Láti Èjìgbò ni ọkọ̀ èrò ti ń gbéra, tí yóò gba ẹnubodè Sẹmẹ̀ kọjá, tí yóò la Kùtọnu, Lọmé àti Accra já kó tó gúnlẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, Másífá àti Ìlawọ̀ náà, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni wọ́n fi ń kó irè oko wọn wá sọ́jà.

Bí a bá wá gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín dé gáréèjì, tí a ki ọ̀pá rẹ̀ bọ ẹnu sílẹ́ńsà àwọn ọkọ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dájú pé púpọ̀ nínú wọn yóò yege. Ohun tí ẹnu ará ìlú yóò kọ́kọ́ sọ ni pé awakọ̀ kò tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wádìí ọ̀rọ̀ dé ìdí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti fìdí rẹmi nínú àyẹ̀wò náà kó tó wọ Nàìjíríà rárá, àti pé àwọn tó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà pọ̀ ju ẹni tí ìjìyà yóò dé bá lọ.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà: bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, rírú ni yóò rú jáde. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í fojú kékeré wo èéfín, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúdú, epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó jó o lọ. Ó lè jẹ́ pé asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, tàbí pé ohun tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì ń jò. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó mọ́ epo, èyí tó sábà máa ń fi hàn pé ríìngì ti jẹ. Bí ó bá funfun báláú tí kò sì dáwọ́ dúró, kí wọ́n yẹ omi inú rédíétọ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ẹ́ńjìnnì ti jó.

Àmọ́ èéfín tó léwu jù lọ kò ní àwọ̀. Carbon monoxide kò ṣeé fojú rí, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ló ń gba ipò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí ojú nìkan kò fi tó. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé carbon monoxide pọ̀, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá nítorí pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn ti kú. Bí ó bá fi hàn pé epo tí kò jó ló ń jáde, púlọ́ọ̀gì kan ni kò tan iná bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, púlọ́ọ̀gì pé, sẹ́ńsọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì kò sì ní àléébù, síbẹ̀ ọkọ̀ kò yege. Nígbà náà, abẹ́ ọkọ̀ ni kí wọ́n wò, níbi tí ó yẹ kí káátálíìsì wà. Níbẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Káátálíìsì jẹ́ àpótí irin kan tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti sílẹ́ńsà. Inú rẹ̀ ní ihò kéékèèké bí afárá oyin, tí wọ́n fi àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium bò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èéfín gbígbóná bá ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn irin yìí máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé rẹ̀ di nǹkan tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìyà ló kọ́ aráyé ní ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1943, kùrukùru kan tó ń ta ènìyàn lójú bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Arie Haagen-Smit fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé ìfọpo ló ń para pọ̀ lábẹ́ oòrùn di kùrukùru náà. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970 ló wá fipá mú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọdún 1975, káátálíìsì ti wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ọkọ̀ tuntun wọn.

Ọdún 1975 yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen ní Èkó. Peugeot 504 tí gbogbo gáréèjì ilẹ̀ yìí mọ̀ bí ẹni mowó kò ní káátálíìsì. Bó tilẹ̀ ní i, kò ní wúlò, nítorí òjé wà nínú epo bẹntiróòlù tí a ń lò. Ọdún 1921 ni Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé bí wọ́n bá da òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kanlẹ̀. Òjé yìí a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, a sì máa bo àwọn irin inú káátálíìsì títí wọn kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, wọ́n sì pinnu láti yọ òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, wọ́n ti mú ìpinnu náà ṣẹ ní gúúsù Sàhárà. Algeria ló gbẹ̀yìn lágbàáyé, ní ọdún 2021.

Bí òjé ti lọ, ó yẹ kí ọ̀nà ti là fún káátálíìsì. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn ti wọlé ṣáájú. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, tí náírà sì ń já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́. Àwọn ènìyàn wá yíjú sí àlòkù láti òkè òkun, wọ́n sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi: Tòkunbọ̀. Orúkọ náà dùn létí, àmọ́ a kì í sábà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wálé.

Ìjọba orílẹ̀-èdè Netherlands béèrè. Ní ọdún 2020, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọkọ̀ àlòkù tó ń ti èbúté wọn lọ sí Áfíríkà. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn ti lo ọdún 16 sí 20, pé ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣeé wà lójú pópó, àti pé wọ́n ti yọ káátálíìsì àwọn kan nínú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó káàkiri ayé, tó sì jẹ́ pé Áfíríkà ló gba ìpín tó pọ̀ jù lọ.

Èyí tí wọn kò yọ lókè òkun, a ń yọ ọ́ nílé. Iye tí àwọn irin inú rẹ̀ ń pa lọ́jà ti sọ káátálíìsì di ohun tí àwọn kan ń tà. Àwọn mìíràn ń yọ ọ́ nítorí pé ó ti dí, wọ́n á jó páìpù lásán rọ́pò rẹ̀, rewáyà á sì wá ọgbọ́n pa iná tó ń kìlọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọkọ̀ lè sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n májèlé tí àpótí náà ń dá dúró ti rí ọ̀nà jáde nìyẹn.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ kẹta ni epo fúnra rẹ̀. Bí imí-ọjọ́ bá pọ̀ nínú epo, ó ń dín agbára káátálíìsì kù, ó sì ń sọ èéfín dísù di ìdàrọ́. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ inú epo ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó ti tó ìdá 3,000 láwọn ibòmíràn rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní Àbújá láti mú un wálẹ̀ sí 50. Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e ní ọdún 2017. Nàìjíríà fi falẹ̀. Awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Èjìgbò sí Abidjan wá ń ra epo ní orílẹ̀-èdè márùn-ún yìí kan náà, láìmọ èyí tó ń ba ọkọ̀ òun jẹ́.

Òfin kò ṣàìsí. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù àti ti dísù láti ọdún 2011, ó sì fi àjọ NESREA ṣe alámòójútó rẹ̀. Côte d'Ivoire ní tirẹ̀ pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 pé àlòkù tí wọn yóò kó wọlé ṣe takisí kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 5 lọ. Ní ọdún 2020, ECOWAS gba ìlànà kan náà wọlé fún ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún 10 láti dé ibẹ̀. Bí àlà bá le ní Abidjan tó sì rọ̀ ní Èkó, kò ṣòro láti mọ ibi tí ọkọ̀ tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún yóò forí lé.

Ó yẹ kí Nàìjíríà rántí Kókó. Ní ọdún 1988, wọ́n kó àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú kékeré yẹn ní ẹ̀bá odò. Ìbínú tí ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ ló mú kí ìjọba dá àjọ àkọ́kọ́ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀ lọ́dún náà. Gbogbo ayé mọ̀ pé májèlé ló wà nínú àgbá wọ̀nyẹn. Ti ìsinsìnyí ní táyà lẹ́sẹ̀, a sì ń fi owó wa rà á, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi pariwo.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá já nínú àyẹ̀wò, kí oníkálukú gba ẹ̀bi tirẹ̀. Púlọ́ọ̀gì, asẹ́ afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Kò sí àwáwí lórí ìwọ̀nyí. Káátálíìsì tí wọ́n ti yọ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé àti aṣọ́bodè tó jẹ́ kó kọjá. Imí-ọjọ́ inú epo wà lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn tó ń kó epo wọlé. Àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ ní gáréèjì, tí kò dé èbúté, tí kò dé ilé epo, owó ìtanràn lásán ni yóò mú wálé. Kò ní mú afẹ́fẹ́ mímọ́ wá.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìyá tó ń yan àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì kò ní ọkọ̀, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ tòkunbọ̀. Síbẹ̀, láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwọn méjèèjì ló ń fi ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí káátálíìsì ṣe.