ỌWỌ́ TÍ Ó KỌ́ ỌWỌ́: ÌTÀN ÀWỌN AGBẸ́GILÉRE ÀTI ÌJỌ ỌLỌ́RUN

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún júbílì ìjọ wa yìí, ẹ ó ka orúkọ àwọn àlùfáà, àwọn katikísítì àti àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n kọ́kọ́ gba Ìgbàgbọ́ láàrin wa. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a kì í sábà dárúkọ: àwọn tí wọ́n gbẹ́ igi, tí wọ́n la pákó, tí wọ́n hun aṣọ tí a fi ń sin Ọlọ́run. Nípa wọn ni mo fẹ́ kọ, pàápàá nípa bí ọ̀gá ti ń fi iṣẹ́ lé ọmọ-iṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwa ará Kétu kì í ṣe àjèjì sí igi gbígbẹ́. Ìlú wa ni ọ̀pọ̀ àgbà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra gbogbo ènìyàn, tí ó sì jẹ́ ogún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Nígbà tí ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Àwọn tí ó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1894, lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Ọba Béhanzin, kò rí ilé bá nílẹ̀. Ohun tí wọ́n lè gbé bọ̀ ni èyí tí ó wà ní orí wọn àti ní ọwọ́ wọn.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń dúró ní ẹnu ọ̀nà agbẹ́gilére kan ní àdúgbò wa bí mo bá ń ti ẹ̀kọ́ katikísímù bọ̀. Òórùn igi ọ̀mọ̀ tútù wù mí, ìró àáké rẹ̀ sì dùn létí mi. Ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó ń kọ́ wa rí mi níbẹ̀, ó sì nà mí. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òrìṣà ni. N kò padà síbẹ̀ mọ́. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ni mo ka ìtàn Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè tí ẹgba ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n béèrè, àwọn kan ti béèrè rẹ̀ kí a tó bí mi: ǹjẹ́ ọwọ́ tí ó gbẹ́ ère òrìṣà lè gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé Ọlọ́run?

Ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà SMA, tí Bíṣọ́ọ̀bù Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, wà lára àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá sí etíkun wa. Àlùfáà Borghero àti ẹnìkejì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Wídà ní oṣù kẹrin 1861. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì. Ní ìgbà ìṣáájú, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníwàásù mọ̀ ni pé kí ẹni tí ó gba Kristi kó ère rẹ̀ jáde kí a sì dáná sun ún. Ìgbàgbọ́ gbilẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà agbẹ́gilére dínkù. Ọ̀gá tí kò rí iṣẹ́ gbà, kò rí ohun tí yóò fi kọ́ ọmọ-iṣẹ́.

Ní 1947, àwọn àlùfáà SMA méjì, O'Mahony àti Kevin Carroll, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọn kò kó oníṣẹ́ ọnà láti òkè-òkun wá. Àwọn ọ̀gá tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n wá lọ. Wọ́n rí Bándélé, ọmọ Areogun ti Òsì-Ìlọrin. Gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ni Areogun, tí ó kú ní 1954. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ni ọmọ yìí jẹ ní gbèsè ẹ̀kọ́. Osamuko, tí ó jẹ́ ọmọ-iṣẹ́ Areogun, ni ó kọ́ Bándélé níṣẹ́. Ohun tí bàbá fún ọmọ-iṣẹ́, ọmọ-iṣẹ́ náà ni ó dá a padà fún ọmọ. Bí iṣẹ́ ti ń rìn nìyẹn. Kì í tọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nìkan.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọ? Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére náà ka iṣẹ́ wọn sí. Èkíní ni ọnà lílé, nígbà tí ọ̀gá bá fi àáké la ìtì igi, tí ó sì pín in sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Èkejì ni àlétúnlé, nígbà tí ojú, etí, ọwọ́ àti ọmú bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí a fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, nígbà tí a bá fi ẹnu ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ. Ọmọ-iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Yóò gbálẹ̀, yóò pọn irinṣẹ́, yóò bá ọ̀gá lọ sí oko. Nígbà tí ó bá yá, a ó fi díẹ̀ lé e lọ́wọ́ nínú ohun tí ọ̀gá ti là sílẹ̀. Ọnà lílé ni ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí bí a bá ṣì í là, kò sí dídán tí ó lè tún un ṣe. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní Ọ̀yẹ́, wọn kò kó àwòrán àwọn òyìnbó fún Bándélé kí ó dà á kọ. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n sọ fún un, ó sì gbẹ́ ẹ bí ojú rẹ̀ ti rí ayé. Àwọn ọba ìlà-oòrùn tí ó wá júbà Jésù dé adé ọba Yorùbá. Ìyá tí ó gbé ọmọ mọ́ra, tí agbẹ́gilére ti mọ̀ tipẹ́, di Màríà Wúndíá pẹ̀lú Ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó fún ilé ìsìn. Àwọn ahunṣọ sì hun aṣọ tí àlùfáà ń wọ̀ ṣe Mísà.

Níbẹ̀ ni Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún bá wọn. Ìran rẹ̀ karùn-ún nìyí nínú iṣẹ́ náà, bàbá rẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré. Mùsùlùmí ni. Síbẹ̀ ó gbà láti tún di ọmọ-iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ Bándélé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn Kátólíìkì ni ó gbẹ́ igi fún lẹ́yìn náà. Ó kọ́ni ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ àti ìbátan rẹ̀, UNESCO sì bu ọlá fún un ní 2006 gẹ́gẹ́ bí ìṣúra ààyè. Ó kú ní 2009.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ wa gan-an kò fẹ́ àwọn ère náà. Wọ́n ní ó jọ ohun tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tí ó fi omijé fi òrìṣà bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954. Ṣùgbọ́n Ìjọ ti sọ̀rọ̀. Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá kọ̀wé pé Ìhìnrere kì í pa ohun rere tí ó wà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kan run. Ní 1963, Ìpàdé Àpapọ̀ Fatikani Kejì fi hàn pé Ìjọ kò fi ọnà ìran kan ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti gbogbo ènìyàn ni ó ní àyè, bí ó bá bu ọ̀wọ̀ fún ilé Ọlọ́run. Àlùfáà Carroll, tí ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ yìí ní 1967, kú ní 1993; ó rí i kí ó tó sùn.

Ẹ rántí Bẹsaleli nínú Ìwé Ẹ́ksódù. Ọlọ́run fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un láti ṣe iṣẹ́ ọnà Àgọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kejì wà tí a kì í sábà kà: Ọlọ́run fi sí i ní ọkàn láti kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ní ti àkọ́kọ́ láìní ti èkejì, ààbọ̀ ẹ̀bùn ni ó lò.

Agbẹ́gilére àdúgbò wa ti kú. Kò fi ọmọ-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń bi ara mi léèrè bóyá ọmọ tí wọ́n nà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ì bá jẹ́ ẹni náà. N kò lè dá ọjọ́ yẹn padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mìíràn ṣì wà láàyè ní Kétu, ní Sábẹ àti ní agbègbè Àjàṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ìjọ ní ọdún júbílì yìí ni pé nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ilé ìsìn wa, kí a má ṣe rà á lọ́jà. Kí a gbé e fún ọ̀kan nínú wọn, kí á sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú ìjọ tì í láti kọ́ iṣẹ́ náà, kí ìjọ sì bọ́ wọn títí tí wọn yóò fi gba òmìnira. Bí ó tilẹ̀ gba ọdún mẹ́ta, ìlẹ̀kùn náà yóò dúró dè wọ́n.

Kí Jósẹ́fù Mímọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà Násárẹ́tì, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ Ọmọ Ọlọ́run, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.