Ta Ní Ń Yan Ẹni Tí Yóò Gba Ẹ̀bùn Nobel?

Àwọn ọ̀dọ́ Igbó-Ọrà a máa bi wá bí a ti ń kọ̀wé béèrè ẹ̀bùn Nobel. A kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ ara rẹ̀ kò wọlé. Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ìgbìmọ̀ kan ní Stockholm ní ń ké sí àwọn onímọ̀ kí wọ́n dárúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, 50 ọ̀jọ̀gbọ́n a dìbò. Wọn kì í fún ju ẹni mẹ́ta lọ.

Ní 2015, Campbell àti Ōmura wà lára mẹ́ta náà, nítorí iṣẹ́ tó bí oògùn ivermectin, èyí tí a ń lò ní Ìbàràpá fún àrùn etí odò tó ń fọ́ni lójú. Àwọn tó ń gbé oògùn náà wọ abúlé ńkọ́? Wọ́n ju mẹ́ta lọ fíìfíì! Ìwé ìdárúkọ wọ̀nyẹn sì rèé, 50 ọdún ni wọ́n fi ń tì í pa.