Àwọn Olùṣọ́ Etí Omi: Ìtàn Iṣẹ́ Wọn àti Ẹ̀kọ́ tí ó Wà Níbẹ̀ fún Wa

Mopa kò sí létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni Odò Ọya kò gba àárín rẹ̀ kọjá. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ikú omi kò kàn wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń bẹ ní Èkó, wọ́n ń bẹ ní Lókójá níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, àwọn tí ó wà nílé pẹ̀lú a sì máa wẹ̀ nínú odò nígbà òjò. Ó yẹ kí á mọ ìtàn àwọn tí ó sọ ṣíṣọ́ omi di iṣẹ́.

Ní 1767 àwọn ará Amsterdam, ìlú tí omi gba àárín rẹ̀ kọjá, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gba ẹni tí ó bá rì là. Ní 1774 àwọn oníṣègùn méjì, William Hawes àti Thomas Cogan, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà náà, èéfín tábà ni wọ́n ń fẹ́ sínú ara ẹni tí wọ́n bá yọ. Àánú wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò tíì tó.

Ní Ọsirélíà ni iṣẹ́ olùṣọ́ etíkun ti gbilẹ̀ gidigidi. Nígbà kan, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti wẹ̀ nínú òkun lójú ọ̀sán ní agbègbè Sydney. Nígbà tí òfin náà kúrò nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èrò wọ́ lọ sí etíkun, òkun sì ń gbé wọn lọ. Èyí ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ olùṣọ́ ní Bondi àti níbòmíràn. Ẹnì kan nínú wọn a so okùn gígùn mọ́ra, a wẹ̀ lọ bá ẹni tí ó wà nínú ewu, àwọn tí ó wà lórí iyanrìn a sì fa àwọn méjèèjì padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, 1938, ìgbì gbé ènìyàn tí ó ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní Bondi. Àwọn 5 péré ni ó kú, nítorí pé àwọn olùṣọ́ wà nítòsí.

Nílẹ̀ tiwa, láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba kọ́ odi òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ òkun lè wọlé láìséwu. Odi náà ṣe ọkọ̀ láǹfààní, ṣùgbọ́n ó dá iyanrìn tí ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etíkun Bar Beach. Ibẹ̀ sì ni èrò Èkó ń lọ ṣe fàájì fún ọdún pípẹ́. Ẹ̀mí púpọ̀ ni ó bá ibẹ̀ lọ. Ní Tarkwa Bay, lẹ́yìn odi kan náà, omi dákẹ́ jẹ́jẹ́. Àlejò kò lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Olùṣọ́ ni ó yẹ kí ó sọ fún un.

Kí wá ni ojúṣe olùṣọ́? Èkínní, kí ó má gbé ojú kúrò lára omi, nítorí ẹni tí ó ń rì kì í sábà lè ké: èémí ni ẹnu rẹ̀ ń wá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èkejì, kí ó mọ ibi tí omi ti ń fà, kí ó fi àsíá sàmì sí i, kí ó sì dá ènìyàn lẹ́kun láìṣojúsàájú. Ẹ̀kẹta, kí ó mọ bí a ti ń fẹ́ èémí sí ẹni tí kò mí mọ́ lẹ́nu, àti bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ìmọ̀ tí àwọn oníṣègùn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí 1960. Dídorí ọmọ kodò kò ṣàǹfààní. Àkókò ni ó ń fi ṣòfò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sínú omi ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí ó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn àgbà sì ní òmùwẹ̀ ni omi ń gbé lọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ pàápàá nílò olùṣọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yan ọ̀dọ́ méjì ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ odò nígbà ìsinmi ilé-ìwé àti ọjọ́ ọdún. Kí okùn, ọ̀pá gígùn àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu wà létí omi nígbà gbogbo, kí a lè jù wọ́n sí ẹni tí ó ń rì dípò kí á bẹ́ lé e. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.